Àbọ̀ọ̀ṣẹ́ Tó Bá Wákàtí Rẹ Mu: Bí Wàá Ṣe Rí Owó Àkọ́kọ́ Láàárín 30 Ọjọ́

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ti dá àbọ̀ọ̀ṣẹ́, ìyẹn iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe mọ́ iṣẹ́ òòjọ́ tàbí ẹ̀kọ́ rẹ̀, mẹ́ta mẹ́rin sílẹ̀ láàárín ọdún kan tí ìkankan nínú wọn kò mówó wọlé. Lóṣù àkọ́kọ́, wọ́n forúkọ sílẹ̀ lórí Fiverr, ìkànnì tí èèyàn ti ń ta iṣẹ́ rẹ̀. Lóṣù kejì, wọ́n ra kọ́ọ̀sì tí wọn kò kà dé ìdajì. Lóṣù kẹta, fídíò ló kàn. Tó bá máa di oṣù kẹrin, wọ́n á ní irọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa àbọ̀ọ̀ṣẹ́. Kì í ṣe irọ́. Wọ́n ti mú iṣẹ́ kí wọ́n tó ka wákàtí tó wà lọ́wọ́ wọn ni.

Ẹni tó ní iṣẹ́ òòjọ́ tàbí ẹ̀kọ́ tó ń lọ lọ́wọ́, àkókò tó ṣẹ́ kù ló ń tà. Bí kò bá mọ iye tó ṣẹ́ kù, á ta ohun tí kò ní, oníbàárà á bínú, òun fúnra rẹ̀ á sì wó sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìtọ́sọ́nà yìí fi bẹ̀rẹ̀ láti orí wákàtí. Ohun kan ṣoṣo la ń lé láàárín 30 ọjọ́ yìí: kí ẹnì kan tí kì í ṣe òbí rẹ san owó fún ọ, kó san án pé, kí ìwọ náà sì mọ iye tó kù sí ọ lọ́wọ́ gan-an.

Ohun tí o nílò

- Ìwé kékeré kan àti bírò. O lè lo fóònù o, àmọ́ ìwé kì í dún pé ẹnì kan ti fi nǹkan ránṣẹ́.
- Fóònù tó ń gbé WhatsApp tàbí ímeèlì dáadáa.
- Àkáǹtì báǹkì tó wà lórúkọ ìwọ fúnra rẹ. Má lo ti ọ̀rẹ́, má lo ti ẹ̀gbọ́n.
- Orúkọ èèyàn 20 tó mọ̀ ọ́, tó sì lè gbé ìpè rẹ.
- Owó díẹ̀ fún dátà àti ọkọ̀: iye tó jẹ́ pé bó bá ṣòfò, o ò ní torí ẹ̀ wọ gbèsè.

Lógò ńkọ́? Ìkànnì? Káàdì tí wọ́n tẹ orúkọ rẹ sí? Fi wọ́n sílẹ̀ ná. Mo ti rí ẹni tó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí àwọ̀ lógò, tí kò sì tíì sọ fún ẹnì kan ṣoṣo pé òun ń ṣiṣẹ́.

Ìpele 1: Ka wákàtí rẹ (ọjọ́ 1 sí 7)

Fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, máa kọ ohun tí o fi wákàtí kọ̀ọ̀kan ṣe sílẹ̀. Ohun tí o ṣe gan-an ni kí o kọ, má kọ ohun tó yẹ kí o ti ṣe. Lálẹ́ ọjọ́ keje, fàlà sábẹ́ gbogbo ibi tí ọwọ́ rẹ ti dilẹ̀, kí o wá pín wọn sí mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni wákàtí odindi: ibi tí wákàtí 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti so mọ́ra, tí ẹnikẹ́ni kò ní pè ọ́. Èkejì ni wákàtí àfọ́kù: ìṣẹ́jú 20 níbí, ìṣẹ́jú 40 lọ́hùn-ún, nínú ọkọ̀, láàárín kíláàsì méjì. Ẹ̀kẹta ni wákàtí aláàárẹ̀: àkókò náà ṣófo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara ti kú, ojú ti wúwo, ohun tí o bá ṣe nígbà náà, o máa tún un ṣe lọ́la.

Ká ní o rí wákàtí 14: odindi 6, àfọ́kù 5, aláàárẹ̀ 3. Má ta 14. Nu aláàárẹ̀ kúrò pátápátá, ó ku 11. Lẹ́yìn náà, yọ bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ tí àìsàn, ìdánwò tàbí àlejò bá dé. Ohun tó kù, bíi wákàtí 7, lọjà tó wà lórí àtẹ rẹ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀ ni oorun. Wọ́n á ní, "Màá máa sùn ní aago méjì òru." Fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ṣeé ṣe. Lọ́jọ́ kẹwàá, iṣẹ́ gidi tó ń bọ́ ọ ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ibi kejì ni ìrìnnà: bí iṣẹ́ bá gba wákàtí 2, tí lílọ àti bíbọ̀ sì gba wákàtí kan àtààbọ̀, wákàtí 3 àtààbọ̀ lo tà.

Kí o tó kúrò ní ìpele yìí, wo ìwé méjì. Ìwé àdéhùn ibi iṣẹ́ rẹ ni ọ̀kan, torí àwọn agbanisíṣẹ́ kan kò gbà kí òṣìṣẹ́ wọn ṣe iṣẹ́ mìíràn, pàápàá èyí tó jọ tiwọn. Ìkejì kan ẹni tó ń kàwé nílẹ̀ òkèèrè: ohun tí físà rẹ sọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ, wọn kò sì gbọ́dọ̀ dá iṣẹ́ ara wọn ṣe rárá. Ìyẹn ni pé títa iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti inú yàrá rẹ náà wà nínú ohun tí wọ́n kà léèwọ̀. Ní Ọsirélíà, wákàtí 48 láàárín ọjọ́ 14 ni gbèdéke nígbà ẹ̀kọ́. Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ka tìrẹ lórí ìkànnì ìjọba, má gba ti ẹni tó ní "kò sẹ́ni tó ń wò ó."

*Àyẹ̀wò:* Bí ẹnì kan bá bi ọ́ báyìí pé ọjọ́ wo àti aago mélòó lo lè ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣé o lè dáhùn láì ronú? Bí ìdáhùn rẹ bá jẹ́ "ìgbàkígbà," padà lọ ka wákàtí rẹ.

Ìpele 2: Mú iṣẹ́ kan ṣoṣo tó bá irú wákàtí náà mu (ọjọ́ 8 àti 9)

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn mú iṣẹ́ torí pé ó lérè lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn yẹn lè ní wákàtí odindi 25 lọ́sẹ̀. Ìwọ ní àfọ́kù. Nítorí náà, irú wákàtí rẹ ni kí o kọ́kọ́ wò.

*Iṣẹ́ tó ń fẹ́ ojú rẹ.* Kíkọ́ ọmọ ní lẹ́sìnnì, títọ́jú ọmọ fún òbí tó fẹ́ jáde, irun dídì tàbí gígẹ̀, yíya fọ́tò níbi ayẹyẹ. Wákàtí odindi ló ń gbà, ó sì sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé oníbàárà kan lè wà lọ́wọ́ rẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìsí pé o tún ń wá òmíràn. Bí ọjọ́ iṣẹ́ rẹ bá ń yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, má mú un. Olùkọ́ tó bá pa ọjọ́ jẹ lẹ́ẹ̀mejì ti pàdánù òbí náà àti àwọn òbí tó mọ òbí náà.

*Iṣẹ́ tó ń fẹ́ ọjọ́.* Títẹ ìwé, títúmọ̀ láti èdè kan sí èkejì, gígé fídíò, títún ìwé ìwáṣẹ́ kọ, yíya àwòrán ìpolówó. Kò sẹ́ni tó bìkítà bóyá aago mẹ́ta òru lo ṣe é, kó ṣáà ti dé lọ́jọ́ tí ẹ jọ dá. Ó bá ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò dúró lójú kan mu. Ewu rẹ̀ ni pé ó máa ń gbòòrò: iṣẹ́ wákàtí 2 á di 6 bí o kò bá fi ààlà sí i.

*Iṣẹ́ àṣí-àpa.* O ṣí áàpù nígbà tó wù ọ́, o pa á nígbà tó wù ọ́. Gbígbé ẹrù àti oúnjẹ kiri pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tàbí alùpùpù wà lára rẹ̀. Títa ohun tí o kò lò mọ́ nílé náà jọ ọ́, ó sì yá jù fún ẹni tó nílò owó lọ́sẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń gbẹ́rù kiri, epo, táyà àti àtúnṣe ni kí o kọ́kọ́ yọ kí o tó pe ohun tó kù ní èrè. Bẹ́ẹ̀ sì ni, iṣẹ́ yìí ń fẹ́ wákàtí kan pàtó lọ́nà àrékérekè: àsìkò tí ebi ń pa aráyé lowó wà, kì í ṣe aago mẹ́ta ọ̀sán.

*Iṣẹ́ àgbìn.* O ṣe é lónìí, bíi fídíò tàbí fọ́tò, kí owó rẹ̀ lè máa wọlé lọ́jọ́ iwájú. Èyí ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ sáré sí, òun gan-an ni kò yẹ kí o fi bẹ̀rẹ̀. Kí YouTube tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín owó ìpolówó fún ọ, o gbọ́dọ̀ ní olùwò 1,000 tó forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì ti wo fídíò rẹ fún wákàtí 4,000 láàárín oṣù 12, tàbí kí fídíò kéékèèké rẹ ní ìwò mílíọ̀nù 10 láàárín 90 ọjọ́. Adobe Stock, ìkànnì tó ń bá èèyàn ta fọ́tò, máa ń fún ẹni tó ya fọ́tò ní ìdá 33 nínú 100 owó tí wọ́n bá tà á, àmọ́ fọ́tò mélòó lo ní tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ máa fẹ́ rà? Gbìn ín bó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n ohun ọ̀gbìn kì í san owó ilé oṣù yìí.

Ọ̀rọ̀ kan ní ẹ̀gbẹ́: iṣẹ́ kíkọ àpilẹ̀kọ lásán fún ìkànnì ti dín kù láti ìgbà tí ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn kọ̀wé, ti dé. Bó bá jẹ́ ìwé lo fẹ́ máa kọ tà, mú èyí tó ń fẹ́ kí èèyàn fi ojú ara rẹ̀ yẹ nǹkan wò tàbí kó mọ ẹni tó ń kọ ọ́ fún. Títún ìwé ìwáṣẹ́ kọ fún ẹni tó jókòó tì ọ́, tí o ń bi í léèrè ohun tó ti ṣe rí, ṣì ń rówó.

Lẹ́yìn èyí, da ìbéèrè mẹ́ta bo iṣẹ́ tí o ní lọ́kàn:

1. Ṣé ẹnì kan ti bẹ̀ mí rí pé kí n bá òun ṣe é, láì jẹ́ pé èmi ni mo fi lọ̀ ọ́?
2. Ṣé mo lè parí ẹyọ kan láàárín wákàtí tí mo ní lọ́sẹ̀ kan?
3. Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la láì ra irinṣẹ́ tuntun?

*Àyẹ̀wò:* Bẹ́ẹ̀ ni mẹ́ta, tẹ̀ síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni méjì, o lè gbìyànjú. Bí ìbéèrè àkọ́kọ́ bá jẹ́ rárá, fi í sílẹ̀, torí ìwọ nìkan lo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìpele 3: Fi gbólóhùn kan sọ ohun tí o ń tà (ọjọ́ 10 sí 12)

"Mo ń ṣe gíráfíìkì" kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà. Gbólóhùn rẹ gbọ́dọ̀ ní ẹni tó wà fún, ohun tó máa rí gbà, àti ìgbà tó máa rí i gbà. Bí àpẹẹrẹ: "Mo máa ń tún ìwé ìwáṣẹ́ ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, láàárín ọjọ́ 3, wàá gba ojú ìwé 2 tó ti ṣetán."

Lábẹ́ gbólóhùn náà, kọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Ibí yìí lèmi fúnra mi ti jìyà. Mo gba títẹ ìwé àṣekágbá ẹnì kan ní iye kan, inú mi dùn pé owó gidi ni. Mi ò sọ pé ìgbà mélòó ni mo máa ṣàtúnṣe. Ó tẹ̀ mí láago lẹ́ẹ̀mẹrin lẹ́yìn tí mo ti parí: ọ̀gá rẹ̀ ti yí orí kejì padà, wọ́n fẹ́ kí àlàfo gbòòrò sí i, àtẹ kan ti sọnù, orúkọ kan ti yí. Àtúnṣe náà gba àkókò ju títẹ̀ ẹ́ lọ. Kò ṣẹ̀ mí; èmi ni mi ò fi ààlà sí i. Láti ìgbà náà, "àtúnṣe 1 wà nínú owó yìí, èyí tó bá lé máa gba owó tirẹ̀" kì í wọ́n lẹ́nu mi.

Lẹ́yìn náà, ṣe àpẹẹrẹ 2 tí èèyàn lè fojú rí. Tún ìwé ìwáṣẹ́ ara rẹ ṣe, ya fọ́tò àbúrò rẹ, gé fídíò ìṣẹ́jú kan. Má ṣe jí iṣẹ́ ẹlòmíràn fi hàn bíi tìrẹ. Oníbàárà á ní kí o ṣe irú ẹ̀ gan-an, àṣírí á sì tú.

*Àyẹ̀wò:* Ka gbólóhùn náà fún ẹnì kan tí kò mọ iṣẹ́ náà rárá. Bó bá bi ọ́ pé "Èló ni?", ó ti yé e. Bó bá bi ọ́ pé "Kí nìyẹn?", tún un kọ.

Ìpele 4: Dá owó lé e (ọjọ́ 13)

Ibí ni owó ti ń sọnù jù, nítorí náà mú bírò rẹ.

Ká ní iṣẹ́ kan máa mú 100 wá, irú owó yòówù kó jẹ́. Bó bá jẹ́ orí Fiverr lo ti rí i, wọ́n á yọ 20, torí ìdá 20 nínú 100 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta iṣẹ́. Ó ku 80. Dátà àti owó tí báǹkì ń yọ kó 10. Ó ku 70. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gba wákàtí 3, o sì ti ń sọ nínú ọkàn rẹ pé "100 fún wákàtí 3, ó lé ní 33 fún wákàtí kan." Dúró ná. O fi wákàtí 1 dáhùn ìbéèrè kí ẹni náà tó gbà. O fi wákàtí 1 mìíràn ṣe àtúnṣe. Wákàtí 5 ni gbogbo rẹ̀. Pín 70 sí ọ̀nà 5: 14. Owó wákàtí rẹ jẹ́ 14, kò sún mọ́ 33 rárá.

Ìkànnì kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń yọ tirẹ̀. Lórí Preply, níbi tí àwọn èèyàn ti ń kọ́ni ní èdè, owó ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá fi dán ọ wò, ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ náà ló ń lọ. Ìwọ kì í rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ka ojú ìwé owó wọn kí o tó forúkọ sílẹ̀.

Bí o ṣe máa dá owó tìrẹ:

1. Kọ owó wákàtí tó kéré jù tí o lè gbà. Bí o bá níṣẹ́, pín owó oṣù rẹ sí iye wákàtí tí o fi ń ṣe é, kí o mú ìyẹn bí ìpìlẹ̀. Bí o kò bá níṣẹ́, lo owó iṣẹ́ tó kéré jù tí òfin ìlú tí o wà fọwọ́ sí; bó bá jẹ́ ti oṣù, pín in sí wákàtí.
2. Ka gbogbo wákàtí tí iṣẹ́ ẹyọ kan máa gbà: ọ̀rọ̀ sísọ, ìrìnnà, iṣẹ́ gan-an, àtúnṣe. Sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú owó wákàtí náà.
3. Fi ìnáwó kún un, àti ohun tí ìkànnì bá máa yọ.
4. Bi ẹni 3 tó ti ra irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí ní iye tí wọ́n san. Àwọn tó rà ni kí o bi. Àwọn tó ń tà á máa ń bù mọ́ ọn.

Bí iye tí àwọn ẹni 3 náà san bá kéré sí tìrẹ, má sáré gé owó wákàtí rẹ. Wákàtí ni kí o gé: ṣé o lè fi fọ́ọ̀mù kan gba gbogbo ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan náà? Ṣé o lè kọ́ ọmọ 2 pọ̀? Bí kò bá ṣeé gé, iṣẹ́ náà ni kò bá ọ mu, padà sí Ìpele 2. Ọjọ́ 13 péré lo lò.

Iye fún odindi iṣẹ́ ni kí o sọ fún oníbàárà, má sọ ti wákàtí. Bí o bá ń gba owó wákàtí, bí ọwọ́ rẹ bá ṣe ń yá sí i ni owó rẹ á máa dín kù. Ní ti iṣẹ́ ọ̀fẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo gbà, fún ẹni tó máa jẹ́ kí o lo orúkọ òun àti iṣẹ́ náà bí àpẹẹrẹ. Ẹni tó ní "ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, màá polówó rẹ" tó bá polówó rẹ tán, ọ̀fẹ́ náà ló máa sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Sọ iye náà sókè níwájú dígí. Bí o bá fi "ṣùgbọ́n a lè dín in kù" parí ọ̀rọ̀ náà láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ ọ́, tún un sọ.

Ìpele 5: Sọ fún èèyàn 20, lọ́kọ̀ọ̀kan (ọjọ́ 14 sí 20)

Má ṣe fi ìpolówó kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí a fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó ń rò pé òun ni a ń bá wí. Kọ̀wé sí ẹni 4 lójúmọ́ fún ọjọ́ 5, fi orúkọ tàbí oyè tí o ń pè é bẹ̀rẹ̀, kí o sì béèrè ẹni tó mọ̀. Má ní kó wá rà. Ó rọrùn fún èèyàn láti dárúkọ ẹlòmíràn ju kó kọ̀ fún ọ lójúkojú, bí òun fúnra rẹ̀ bá sì nílò rẹ̀, á sọ.

Sí ẹni tó jù ọ́ lọ:

"Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 9 sí 12 ní ìṣirò báyìí, láràárọ̀ Sátidé, wákàtí méjì. Ọmọ méjì péré ni mo lè gbà. Ṣé ẹ mọ òbí kan tó ń wá irú ẹ̀? Bí ẹ bá mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà mi. Mo dúpẹ́, mà."

Sí ẹgbẹ́ rẹ, gé ìkíni kúrú, fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà. Má kọ "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́, nǹkan ò rọrùn." Bí ẹni náà bá jẹ́ aláàánú, á fún ọ ní owó díẹ̀, á sì gbàgbé iṣẹ́ náà.

Ẹni tí kò bá dáhùn, rán an létí lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ọjọ́ 4, kí o wá fi í sílẹ̀. Upwork, Fiverr àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ńkọ́? Ṣí ojú ìwé síbẹ̀ bó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tuntun tí kò sẹ́ni tó ti yìn ín rí máa ń pẹ́ níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́ ni kí o fi rí oníbàárà mẹ́ta àkọ́kọ́.

*Àyẹ̀wò:* Lọ́jọ́ 20, ka iye ẹni tó bi ọ́ ní ìbéèrè kan, yálà wọ́n rà tàbí wọn kò rà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá béèrè nǹkan kan, gbólóhùn Ìpele 3 ni kí o tún ṣe. Bí wọ́n bá béèrè tí wọ́n dákẹ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ owó, bi ẹni kan nínú wọn tẹ́rìn-tẹ́rìn pé èló lòun ń retí.

Ìpele 6: Àdéhùn àti àsansílẹ̀ (ọjọ́ tí ẹnì kan bá gbà)

Inú dídùn máa ń jẹ́ kí èèyàn gbàgbé ìpele yìí. Kọ ohun mẹ́rin ránṣẹ́ sí i kí o tó fọwọ́ kan iṣẹ́: ohun tí o máa ṣe, ọjọ́ tó máa dé, iye àtúnṣe tó wà nínú rẹ̀, owó àti bó ṣe máa san án. Ní kó fèsì pé òun gbà. Ìdajì ṣáájú, ìdajì kí iṣẹ́ tó dé ọwọ́ rẹ̀ tán. Fún lẹ́sìnnì, oṣù kan tàbí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.

Ẹbí àti ọ̀rẹ́ ló máa ń ṣòro jù. Ẹ̀gbọ́n kan á ní, "Ṣé èmi náà lo fẹ́ gbowó lọ́wọ́ mi?" O lè dáhùn báyìí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Wákàtí méje péré ni mo ní lọ́sẹ̀, àwọn kan sì ti sanwó sílẹ̀. Mo lè dín in kù díẹ̀ torí yín, tàbí kí ẹ jẹ́ kó di oṣù tó ń bọ̀." Ẹ̀dínwó fún ẹbí kò burú. Èyí tó burú ni gbèsè tí o kò lè béèrè.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ní "owó ti wọlé" kò tíì di owó. Èèyàn lè ṣe ayédèrú rẹ̀. Ṣí áàpù báǹkì rẹ, wo iye tó wà níbẹ̀, kí o tó bẹ̀rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Àdéhùn wà lákọsílẹ̀, ó ti fèsì, owó ti hàn nínú àkáǹtì. Bí ọ̀kan bá kù, iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Dúró ná: àwọn gbájúẹ̀ tó ń dọdẹ ẹni tó ń wáṣẹ́

Ní àkókò tí o bá ń sọ fún gbogbo èèyàn pé o ń wáṣẹ́, àwọn oníjìbìtì náà á gbọ́. Mẹ́rin ló wọ́pọ̀ jù.

Àkọ́kọ́: "Máa tẹ àmì ìfẹ́ràn sábẹ́ fídíò, a ó máa sanwó." Wọ́n á san owó kékeré fún ọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ní tòótọ́, láti fi tàn ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á ní kí o kọ́kọ́ fi owó tìrẹ sílẹ̀ kí iṣẹ́ ńlá tó ṣí. Ibẹ̀ lowó ń lọ.

Ìkejì: wọ́n á san owó ju èyí tí ẹ jọ sọ, pẹ̀lú sọ̀wédowó, wọ́n á ní kí o dá èyí tó lé padà kíákíá. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, báǹkì á rí i pé ayédèrú ni sọ̀wédowó náà, wọ́n á yọ gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ. Èyí tí o dá padà, owó tìrẹ ni.

Ìkẹta: "Jẹ́ kí owó kan gba inú àkáǹtì rẹ kọjá, mú ìdá mẹ́wàá nínú rẹ̀." Owó olè ni wọ́n ń fọ̀. Orúkọ rẹ ni ọlọ́pàá máa bá níbẹ̀. Bákan náà ni ti ẹni tó fẹ́ yá ojú ìwé rẹ lórí ìkànnì iṣẹ́ lò.

Ìkẹrin: owó fọ́ọ̀mù, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, owó aṣọ iṣẹ́ kí wọ́n tó gbà ọ́. Ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ ló yẹ kí owó ti máa bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ.

Ìpele 7: Ṣe é, fi lé oníbàárà lọ́wọ́, béèrè ẹni tó kàn

Èyí kò gùn. Fi iṣẹ́ náà lé oníbàárà lọ́wọ́ ní ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ tí o dá. Bí nǹkan bá fẹ́ fà á sẹ́yìn, sọ ọ́ kí ọjọ́ tó pé, má dúró dìgbà tí wọ́n bá pè ọ́. Nígbà tó bá san owó tó kù, béèrè ohun méjì: kó kọ gbólóhùn kan nípa iṣẹ́ náà tí o lè fi han ẹlòmíràn, kó sì dárúkọ ẹni kan tó tún lè nílò irú ẹ̀. Ọjọ́ tí inú rẹ̀ dùn ni kí o béèrè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti gbàgbé.

Ìpele 8: Ìṣirò ọjọ́ 30

Fa ìlà mẹ́ta sójú ìwé rẹ: owó tó wọlé, owó tó jáde, wákàtí tó lọ. Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, títí kan dátà àti owó ọkọ̀. Yọ ìjáde kúrò nínú ìwọlé, pín in sí iye wákàtí. Ìyẹn ni owó wákàtí rẹ gan-an fún oṣù náà. Á kéré ju ti Ìpele 4 lọ, torí wákàtí tí o fi kọ̀wé sí èèyàn 20 wà nínú rẹ̀. Ti oṣù kejì ni kí o fi wé e.

Pa ìwé náà mọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, owó àbọ̀ọ̀ṣẹ́ wà lára ohun tí a ń san owó orí lé, ẹni tó bá sì ní àkọsílẹ̀ ìnáwó rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń rọ̀ lọ́rùn. Fi ìpín kan sọ́tọ̀ nínú owó kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé, kó wà níbi tí o kò ti lè tètè ná an.

Lẹ́yìn náà, pinnu:

- Owó wákàtí dé ibi tí o fojú sí, ara rẹ sì le: fi oníbàárà kan kún un. Kan ṣoṣo.
- Owó wọlé, ṣùgbọ́n wákàtí ti pọ̀ jù: gbé owó sókè fún oníbàárà tó bá tún dé. Má yí ti àwọn tó ti wà nílẹ̀ padà láì kọ́kọ́ fún wọn ní oṣù kan.
- O kọ̀wé sí èèyàn 20, o ṣe gbogbo àtúnṣe, kò sì sẹ́ni tó rà: fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ìwé wákàtí rẹ ṣì wà. Ìpele 2 ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la, pẹ̀lú iṣẹ́ mìíràn àti èèyàn 20 tó yàtọ̀.
- Iṣẹ́ òòjọ́ tàbí ẹ̀kọ́ rẹ ti ń jábọ́: gé wákàtí sí ìdajì lọ́sẹ̀ yìí, kí o kọ ọ́ sí oníbàárà rẹ lónìí pé ọjọ́ báyìí ni àyè máa wà fún iṣẹ́ tó kàn.